Ẹ Tẹ̀ Ẹ́ Lẹ́ẹ̀meje

Nínú gbogbo ẹni tó ń gbé láàárín Ṣàngó-Ọ̀tà àti Ìyànà Ìyẹ̀sí, lásìkò tí ṣọ́ọ̀ṣì ń gba ilé ìkẹ́rùsí lọ́wọ́ àwọn oníbísíkíìtì, tí yunifásítì sì ń hù bí olú lẹ́yìn òjò, kò sí ẹni tó mọ bí a ṣe ń yínmú tó Ayọ̀rìndé. Bó bá rí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wọ́ lọ sí ilé-iṣẹ́ láàárọ̀ pẹ̀lú kúlà oúnjẹ lọ́wọ́, á yínmú. Bó bá rí oníṣọ́ọ̀bù tó ń gbá iwájú àtẹ rẹ̀, á yínmú. Bó bá wá rí lándílọ́ọ̀dù rẹ̀, Bàbá Kàsúmù, tó tún ń fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé ilé òun kì í ṣe títà, imú ọ̀hún á fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú rẹ̀.

"Ẹ wo ẹni tó kọ́lé sórí ilẹ̀ tí kò mọ ẹni tó ni ín," ni yóò wí. "Ọ̀dẹ̀!"

Ọmọ Ẹdẹ ni. Iṣẹ́ ló gbé e wá sí Ọ̀tà. Ọdún mẹ́fà ló fi dúró nídìí ẹ̀rọ tó ń yọ náílọ́ọ̀nù omi mímu ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ṣàngó, tí ooru ẹ̀rọ ń sè é láti iwájú, tí ẹnu Silas ń sè é láti ẹ̀yìn. Silas ni ọ̀gá tó ń ṣọ́ wọn: Ẹ̀gùn ará Àjàrá, ó ga bí òpó iná, kò sì mọ ohùn mìíràn tí a fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ ju èyí tí a fi ń lé ewúrẹ́ lọ. Lọ́jọ́ tí Ayọ̀rìndé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó gun orí bẹ́ǹṣì níbi tí wọ́n ti ń jẹun, ó kígbe:

"Ẹ̀yin ẹrú náílọ́ọ̀nù, ó dàbọ̀ o! Èmi ti rí iṣẹ́ tí a ń fi ìjókòó ṣe!"

Àwọn ẹrú náílọ́ọ̀nù rẹ́rìn-ín. Silas ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní, "No wahala. Máṣíìnì ò ń lọ síbì kankan. Ìgbà tó o bá ṣe tán, á máa dúró dè ẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ Ayọ̀rìndé lára bí ẹ̀gún ẹja. Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo tó ń bẹ Ọlọ́run fún kò ju pé kí òun má padà dúró níwájú Silas láti tọrọ iṣẹ́, láéláé.

Iṣẹ́ wo wá ni wọ́n ń fi ìjókòó ṣe? Iṣẹ́ alágbàtà ni, àmọ́ alágbàtà tí kò gbé igbá, tí kò pàtẹ. Yóò jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, yóò kọ àròkọ nípa ohun tí ọmọ yunifásítì nílò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì: matírẹ́ẹ̀sì, fáànù tó ń gba iná pamọ́, sítóòfù oníná, áyọ́ọ̀nù. Yóò yin ọjà náà títí omi á fi máa yọ lẹ́nu ẹni tó ń kà á. Ní ìsàlẹ̀ àròkọ, yóò fi líǹkì kan sí i. Ẹni tó bá tẹ líǹkì yẹn yóò bá ara rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan lórí ayélujára. Bó bá ra ọjà níbẹ̀, oníṣọ́ọ̀bù á yọ làádá Ayọ̀rìndé fún un. Ìyẹn náà ni.

Ibo wá ni àwọn àròkọ wọ̀nyí wà? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, kójú ti Èṣù: orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n wà. Àwọn òyìnbó kan ló ni ìkànnì tí wọ́n ń pè ní Ráítílò, níbi tí gbogbo ayé ti lè wá kọ̀wé lọ́fẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ni Ayọ̀rìndé kó gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sí, irinwó àròkọ ó lé méjìlá, ọdún mẹ́ta gbáko. Kò ní ẹ̀dà ẹyọ kan nílé. Ojú ìkànnì yẹn gan-an ló ti ń kọ ọ́, bí ẹni tó ń dáná nínú ìkòkò aládùúgbò.

Ìyàwó rẹ̀, Olúwayẹ́misí, télọ̀ ni, ẹnu rẹ̀ sì mú ju sísọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ. Ó bi í léèrè lọ́jọ́ kan:

"Bàbá Ọláníkẹ́, àwọn tó ni Ráítílò yìí, ẹ mọ̀ wọ́n?"

"Ta ló fẹ́ mọ̀ wọ́n?"

"Ẹ bá wọn tọwọ́ bọ̀wé?"

"Mo tẹ 'Mo gbà.'"

"Kí lẹ gbà?"

"Ìyá Ọláníkẹ́, ojú ewé méjìdínlógójì ni wọ́n kọ ọ́ sí! Ta ní ń ka ìyẹn?"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tó bá mi lọ ata."

Ayọ̀rìndé yínmú. Olúwayẹ́misí gé òwú pẹ̀lú eyín, ó ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí ó bá yíwọ́, ọ̀dọ̀ Silas lẹ ń lọ o. Mi ò ní máa fi ẹsẹ̀ wa máṣíìnì bọ́ ọkùnrin tó ń fi imú ṣiṣẹ́."

Ó yíwọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀tá ló yí i. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Ọjọ́ ìdúpẹ́ ìkórè ni, nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń lọ, ilé ìkẹ́rùsí tẹ́lẹ̀ rí tó ṣì ń rùn bísíkíìtì bí òòrùn bá ta sí páànù. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wáìfáì sí i ni, tí gbogbo ìjọ ń lò lọ́fẹ̀ẹ́. Ayọ̀rìndé jáde láti jẹ́rìí. Ó wọ kóòtù, ó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú bí ẹni tó mú àkùkọ lọ́rùn.

"Ará, Olúwa yọ mí lóko ẹrú náílọ́ọ̀nù!"

"Halelúyà!"

"Mo ń sùn, làádá ń wọlé!"

Halelúyà tó tẹ̀ lé ìyẹn, páànù mì. Àwọn tó ti ń sùn jí, wọ́n bèèrè irú oorun tí èèyàn ń sùn tí nǹkan fi ń wọlé.

Pásítọ̀ Afọlábí, ẹni tí àánú pọ̀ nínú rẹ̀ ju ìmọ̀ kọ̀ǹpútà lọ, dìde. "Arákùnrin Ayọ̀rìndé, kí ló ń mú un wọlé?"

"Líǹkì ni, Dádì."

"Kí ni wọ́n ń ṣe sí líǹkì ọ̀hún?"

"Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ ni, Dádì."

"Títẹ̀ lásán?" Pásítọ̀ yíjú sí ìjọ. "Ṣé ẹ gbọ́? Ohun tó ń gbé arákùnrin wa ró kò ju kéèyàn fi ìka tẹ nǹkan. Ẹ̀yin náà ní ìka! Ẹ yọ fóònù yín síta! Ẹgbẹ́ akọrin, ẹ yọ ọ́! Ìyá Ìjọ, ẹ yọ ọ́! Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀meje! Odi Jẹ́ríkò, ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n yí i ká!"

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ọ́dúnrún èèyàn yọ fóònù, tí gbogbo wọn sì bọ́ sórí wáìfáì kan ṣoṣo. Wọ́n fi àròkọ Ayọ̀rìndé ránṣẹ́ láti fóònù dé fóònù. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Akọrin tẹ̀ ẹ́ bí ìlù ṣe ń dún. Àwọn aṣọ́lẹ̀kùn ń rìn káàkiri, wọ́n ń bá àwọn àgbà tó gbàgbé awò ojú sílé tẹ̀ ẹ́. Ìyá àgbà kan tí fóònù rẹ̀ kò mọ̀ ju ìpè àti tọ́ọ̀ṣì lọ, tọ́ọ̀ṣì lòun ń tẹ̀ ní tirẹ̀, ó ń tàn án, ó ń pa á, lẹ́ẹ̀meje gérégé. Kò sẹ́ni tó ra ohunkóhun. Ta ló ní kí wọ́n ra nǹkan? Títẹ̀ ni Pásítọ̀ ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Ayọ̀rìndé kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, ó ń sunkún ayọ̀. Bí ó bá mọ ohun tó ń bọ̀, ì bá ti máa sunkún náà lọ, kó má dá a dúró.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ṣí kọ̀ǹpútà. Kò rí àròkọ kankan. Ìlà méjì péré ló wà níbẹ̀ lédè òyìnbó, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju báyìí lọ: a ti rí i pé ìwọ ni o ń fọgbọ́n ẹ̀tàn tẹ líǹkì ara rẹ láti ibì kan náà, a ti ti ilẹ̀kùn rẹ.

Ó rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ó gbé kọ̀ǹpútà jáde sí ìta, ó gbé e sókè sí ọ̀run. Ìlà méjì. Ó gbé e lọ sẹ́yìn ilé nídìí kànga. Ìlà méjì. Irinwó àròkọ ó lé méjìlá ti lọ bí èéfín. Líǹkì ṣọ́ọ̀bù ṣì wà o, ṣùgbọ́n ibo ni èèyàn yóò ti rí i tẹ̀? Ó dà bí ilẹ̀kùn tí wọ́n ti wó ògiri ara rẹ̀: ó dúró, kò sílé lẹ́yìn rẹ̀.

Ó kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀. Kí ó tó gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, èsì ti dé: "Ọ̀rẹ́ wa ọ̀wọ́n, a dúpẹ́ pé o kọ̀wé sí wa. Ìpinnu wa kò yí padà. Èmi ni tìrẹ, Emily."

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Obìnrin ni! Ọkàn obìnrin a máa rọ̀. Ó jókòó, ó kọ ojú ewé mẹ́ta sí Emily. Ó sọ fún un nípa ìyá rẹ̀ ní Ẹdẹ, nípa ọmọ rẹ̀ Ọláníkẹ́ tó wà ní ilé-ìwé, nípa bí òun kì í ti í sùn. Olúwayẹ́misí wá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń kà á.

"Ta ni Emily?"

"Ọ̀gá ibẹ̀ ni."

"Ọ̀gá ibẹ̀ lẹ ń sọ fún pé ẹ kì í sùn?"

Èsì wọlé kí ó tó dáhùn. "Ọ̀rẹ́ wa ọ̀wọ́n, a dúpẹ́ pé o kọ̀wé sí wa." Ọ̀rọ̀ kan náà, láìyọ kan kúrò. Olúwayẹ́misí wò ó, ó pòṣé. "Bàbá Ọláníkẹ́, ẹ̀rọ lẹ ń sunkún sí lára. Ó kéré tán, máṣíìnì Silas máa ń gbóná."

Nílẹ̀ wa, bí èèyàn bá ṣẹ ẹni tó jù ú lọ, kì í dá lọ bẹ̀bẹ̀. Àgbà là ń kó lẹ́yìn. Ọmọ tó ṣẹ bàbá rẹ̀, àgbà ni yóò wá. Ọkọ tó ṣẹ ìyàwó, àgbà ni yóò wá. Ayọ̀rìndé wá àgbà. Pásítọ̀ Afọlábí kò jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tán tí ó fi gbé bàtà. Ẹ̀rí ọkàn ti ń ta á. Bàbá Kàsúmù náà ní òun ń lọ, mùsùlùmí ni, àmọ́ ẹ̀bẹ̀ kò ní ẹ̀sìn.

"Mo ti bẹ ọmọ onílẹ̀," ni Bàbá Kàsúmù wí, ó ń tún agbádá ṣe. "Mo ti bẹ ọlọ́pàá. Mo ti bẹ akátápílà, ẹ̀rọ ńlá tó fẹ́ wó ilé mi, mo dùbúlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó yà. Ta ni Ráítílò? Níbo nilé wọn?"

"Wọn ò nílé, Bàbá."

"Baálé wọn ńkọ́?"

"Wọn ò ní baálé."

"Ìjọba wo ló wá fún wọn níwèé?"

Àwọn àgbà ìjọ àti ti àdúgbò tó péjọ jẹ́ mẹ́rìnlá, agbádá mẹ́rìnlá, tí wọ́n rìn wọ ilé kọ̀ǹpútà Àdìzát ní Ìyànà Ìyẹ̀sí, níbi tí àwọn ọmọ yunifásítì ti ń tẹ iṣẹ́ ilé-ìwé wọn. Àdìzát, obìnrin kúkúrú kan tó máa ń jẹ gúgúrú láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, rò pé wọ́n wá tọrọ ọmọ. Wọ́n ṣàlàyé fún un. Ó tan kọ̀ǹpútà kan, ó ṣí lẹ́tà Emily sílẹ̀.

Bàbá Kàsúmù ṣí fìlà. Ó kó agbádá jọ sí èjìká. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀ fún kọ̀ǹpútà.

"Bàbá!" ni Àdìzát kígbe, gúgúrú fò. "Kámẹ́rà ẹ̀ ò ṣiṣẹ́!"

Bàbá dúró lágbede méjì, orúnkún kan nílẹ̀, ọ̀kan lókè. "Wọn ò rí mi?"

"Wọn ò rí yín, sà."

"Kí ló dé tí ẹ ò ti sọ ọ́ kí n tó ṣí fìlà?"

Wọ́n gbé e dìde. Wọ́n wá pinnu pé bí wọn kò bá rí ojú, wọn yóò rí ìwé. Olúkúlùkù àgbà yóò kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa, ohùn kan là ń fi bẹ̀bẹ̀. Bí tìhín bá ń sọ tìhín, tí tọ̀hún ń sọ tọ̀hún, ẹni tí a ń bẹ̀ á ní a ò fẹnu kò. Nítorí náà Pásítọ̀ Afọlábí sọ lẹ́tà kan jáde, Àdìzát tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì fi lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ nígbà mẹ́rìnlá, láti inú kọ̀ǹpútà kan náà, pẹ̀lú orúkọ mẹ́rìnlá. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó, wọ́n gbàdúrà, Bàbá Kàsúmù ṣe tirẹ̀, Pásítọ̀ ṣe tirẹ̀, wọ́n pàdé níbi Àmín.

Èsì dé kí Àmín tó tán lẹ́nu. Àdìzát kà á, ojú rẹ̀ ṣú.

"Kí ni wọ́n wí?" ni Ayọ̀rìndé bèèrè. "Wọ́n gbà?"

"Wọ́n ní àwọn ti rí i pé ẹ̀yin nìkan lẹ tún fọgbọ́n ẹ̀tàn sọ ara yín di èèyàn mẹ́rìnlá. Wọ́n ní wọn ò ní ṣí i mọ́ títí ayé. Wọ́n ní kí ẹ má kọ̀wé sí àwọn mọ́."

Bàbá Kàsúmù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ọmọ onílẹ̀ sàn jù wọ́n lọ," ló wí. "Ọmọ onílẹ̀ á fọ́ ọ lẹ́nu, ṣùgbọ́n á kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó o fẹ́ sọ."

Ó gbé fìlà rẹ̀ dé. Wọ́n tò jáde ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ayọ̀rìndé nìkan ló jókòó síbẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ń gbọ́ ariwo Silas létí láti Ṣàngó.

Àdìzát ṣàánú rẹ̀. Ó ti gúgúrú sí i. "Ẹ̀gbọ́n, nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, ẹ ò rántí ọ̀rọ̀ kankan?"

"Ọ̀kan péré," ni Ayọ̀rìndé wí. "'Matírẹ́ẹ̀sì tó bá le ju bó ṣe yẹ lọ, òun àti pátákó, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.'"

"Ó dùn gan-an." Àdìzát tẹ gbólóhùn náà sínú kọ̀ǹpútà, kó kàn fi rẹ́rìn-ín ni. Lójijì ó fà sẹ́yìn. "Ẹ̀gbọ́n! Ó wà níbí!"

Ayọ̀rìndé fò dìde. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́: matírẹ́ẹ̀sì, fáànù, sítóòfù, áyọ́ọ̀nù, gbogbo irinwó ó lé méjìlá, kò dín kò lé, lórí ìkànnì mìíràn. Ṣùgbọ́n orúkọ tó wà lókè rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Dásọ́lá Ọ̀ṣìnúbí ló wà níbẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti họ́sítẹ́ẹ̀lì tó ń gbé sì wà nísàlẹ̀ láìbẹ̀rù. Líǹkì Dásọ́lá ló wà nídìí àròkọ kọ̀ọ̀kan.

"Olè!" ni Ayọ̀rìndé ké. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run!" Lẹ́yìn náà ó tún ní, "Olè!" Kò mọ èyí tí ó yẹ kó kọ́kọ́ ké.

Olúwayẹ́misí ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù nígbà tó gbọ́. Ó tún ìró dì, ó so gèlè mọ́ ìbàdí. Bó bá kan ìjà, òun ni ọkọ nínú ilé yẹn. Wọ́n gun ọ̀kadà lọ sí họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn ọmọ yunifásítì lẹ́yìn ọjà Ìyànà Ìyẹ̀sí, wọ́n kan ilẹ̀kùn gbàgbàgbà. Ọmọbìnrin tín-ín-rín kan, tó dé awò ojú, ló ṣí i. Ó wo Ayọ̀rìndé láti òkè délẹ̀, ó dá a mọ̀ láti inú fọ́tò rẹ̀ lórí Ráítílò, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ káàbọ̀, mọ̀mí. Mo ti ń retí yín láti ọdún tó kọjá."

"Olè ń kúnlẹ̀ kí èèyàn!" ni Olúwayẹ́misí wí.

"Lóòótọ́ ni, mà, mo jí i kó. Mo bẹ̀bẹ̀." Dásọ́lá nawọ́ sí orí tábìlì, ó mú fìláàṣì kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń kó iṣẹ́ kọ̀ǹpútà pamọ́ sí, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Ayọ̀rìndé. "Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ẹ̀. Ẹ máa mú un lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mò ń yọ wọ́n kúrò lójú ìkànnì mi. Mi ò nílò wọn mọ́."

Ayọ̀rìndé tó ti múra láti jà fún ọmọ rẹ̀, wọ́n wá gbé ọmọ lé e lọ́wọ́ pé kí ó máa gbé e lọ, ó ti pọ̀ jù nílé. Inú bí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"O ò nílò wọn? Irinwó àròkọ?"

"Ẹ̀gbọ́n, ìdajì àwọn ọjà yẹn ti kúrò lórí àtẹ. Ohun tí mo fi àròkọ yín ṣe ni pé mo fi pe èèyàn. Wọ́n ti wá." Ó ṣí fóònù rẹ̀. Orúkọ ń ṣàn lọ sísàlẹ̀ bí omi: orúkọ, nọ́ńbà, ilé-ẹ̀kọ́, ohun tí wọ́n rà. "Ẹgbẹ̀tàlá ni wọ́n. Ẹni tó bá ka àròkọ yín lọ́dọ̀ mi, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ kó fi nọ́ńbà ẹ̀ sílẹ̀. Tí ìkànnì yìí bá wó lónìí, màá pè wọ́n lọ́la. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ń kà yín?"

"Èèyàn púpọ̀!"

"Ẹ dárúkọ ẹnì kan."

Ayọ̀rìndé la ẹnu. Ó wo àjà. Ó wo ilẹ̀. Ọdún mẹ́ta, ó ti ń bá èrò sọ̀rọ̀, kò sì lè dárúkọ ẹyọ kan nínú wọn. Ráítílò ló mọ̀ wọ́n. Ó wo ìyàwó rẹ̀ pé kí ó gbèjà òun.

Ṣùgbọ́n Olúwayẹ́misí ti tú gèlè kúrò ní ìbàdí. Ó na ojú wo fóònù Dásọ́lá bí ẹni tó rí aṣọ tó wù ú.

"Ìwé ìwọ̀n aṣọ ni!" ló wí. "Bàbá Ọláníkẹ́, ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n èèyàn sí náà nìyí! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti lé mi kúrò ní ṣọ́ọ̀bù nítorí títì tí wọ́n ń fẹ̀. Mo gbé ìwé dání, mo pe oníbàárà, wọ́n bá mi débi tí mo lọ. Ẹ̀yin, ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì lẹ jókòó sí, ẹ tún fi ìwé sílẹ̀ fún lándílọ́ọ̀dù!"

"Mọ̀mí ti sọ gbogbo ẹ̀," ni Dásọ́lá wí. Ó dìde, ó gbọn eruku kúrò ní orúnkún, ohùn rẹ̀ sì di ohùn ọlọ́jà. "Ṣùgbọ́n ẹnu yín dùn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ máa kọ̀wé fún mi. Màá máa pín làádá fún yín. Orúkọ mi ni á wà lókè."

"Kí n kúrò lábẹ́ òyìnbó, kí n bọ́ sábẹ́ rẹ?" Ayọ̀rìndé yínmú, imú náà kò sì lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀. "Kó orúkọ wọ̀nyẹn fún mi. Ọ̀rọ̀ mi ló mú wọn wá."

Dásọ́lá rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ìwọ̀sí, ìyẹn ló mú kó dun Ayọ̀rìndé jù. "Wọn ò fún yín, sà. Èmi ni wọ́n fún."

Ayọ̀rìndé fi fìláàṣì náà sápò, wọ́n gun ọ̀kadà padà. Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù, Olúwayẹ́misí ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú ìwé ìkọ̀wé tuntun kan jáde, ó fi bírò há a láàárín.

"Ẹ lọ bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti mọ ojú yín."

"Ibo nìyẹn?"

Ó fi àgbọ̀n júwe ìhà Ṣàngó.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ àárọ̀ máa ń jáde. Ayọ̀rìndé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, àárín àwọn tírélà, ó di ìwé mọ́ àyà. Wọ́n rí i. Ariwo sọ.

"Ẹ wo olówó ìjókòó!"

"Ayọ̀ọ̀rìndé! Ìjókòó ti tán ni?"

Wọ́n ya sí méjì, Silas gba àárín wọn kọjá bọ̀, gígùn bí òpó iná, kúlà oúnjẹ ń jù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró.

"Iṣẹ́ lo wá wá?"

Ayọ̀rìndé ṣí ìwé ọwọ́ rẹ̀. "Rárá, ọ̀gá. Nọ́ńbà ni."

"Nọ́ńbà kí ni?"

"Nọ́ńbà fóònù yín, sà. Mo fẹ́ mọ àwọn tó ń kà mí. Kí n lè máa sọ fún yín bí ọjà tó dáa bá wà."

"Kíkà?" Silas gbé kúlà sílẹ̀. "Mo ka ọ̀kan. Ti sítóòfù oníná. Ọmọ mi tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Ìgbẹsà ló fi hàn mí. Mo ní, ah, ọmọ wa Ayọ̀ ló kọ èyí. Mo rà á."

Ara Ayọ̀rìndé yá gágá. Òǹkàwé kan rèé, láàyè, pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjì! "Ẹ rà á? Ẹ tẹ líǹkì mi?"

"Mo tẹ̀ ẹ́. Sítóòfù dé. Ọjọ́ kejì, ó jó kọ́tìnnì ọmọ mi." Silas kò pariwo. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa gbọ́ ohùn rẹ̀ nílẹ̀ báyẹn. "Ayọ̀, jẹ́ kí n bi ẹ́. O ti gbé ìkòkò ka sítóòfù yẹn rí?"

"Rárá, sà."

"O ti rí i lójúkojú rí?"

"Fọ́tò rẹ̀ ni mo rí."

Ẹ̀rín tó yẹ kó bú, kò bú. Ìyẹn burú jù. Wọ́n kàn ń wò ó ni, gbogbo àwọn tí kúlà wà lọ́wọ́ wọn, bí ẹni tó ń wo náílọ́ọ̀nù tó ń jò. Ayọ̀rìndé tí inú ń bí sí Emily pé kò rí ojú òun kó tó dájọ́ òun, òun náà kò rí ojú sítóòfù kí ó tó yìn ín.

Silas na ọwọ́, ó gba bírò. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ orúkọ rẹ̀ sí ìlà àkọ́kọ́, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà, ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí i, ó sì kọ "sítóòfù" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Oya. Mo ti fún ẹ. Saturday, kó o wá wò ó. Tó o bá sì tún sọ fún mi pé kí n ra nǹkan, rántí pé mo mọ ilé ẹ."

Ó gbé kúlà, ó lọ. Obìnrin kan láti ibi tí wọ́n ti ń di páálí bọ́ síwájú. "Èmi, fáànù ni. Ó ń yí, kò fẹ́ afẹ́fẹ́. Kọ ọ́." Ọkùnrin kan ní áyọ́ọ̀nù ni tòun. Ọ̀kan ní matírẹ́ẹ̀sì, ó fẹ́ sọ bó ṣe rí, wọ́n ní kó má sọ ọ́ lójú obìnrin. Wọ́n tò. Ayọ̀rìndé gbé ìwé ka orúnkún, ó ń kọ ọ́.

Nígbà tó délé, Olúwayẹ́misí gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ṣí i.

"Oníbàárà mélòó?"

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

"Ẹ káre! Kí ni wọ́n fẹ́ rà?"

"Wọn ò fẹ́ ra nǹkan kan." Ayọ̀rìndé jókòó sórí àpótí, ó bọ́ bàtà. "Wọ́n fẹ́ kí n wá wo ohun tí wọ́n ti rà."

Ìyàwó rẹ̀ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, sítóòfù, fáànù, áyọ́ọ̀nù, fáànù, fáànù. Kò fi ṣe ẹlẹ́yà. Ó wọlé lọ, ó bu oúnjẹ wá, ó sì gbé súkúrúdíráfà kan lé ẹ̀gbẹ́ àwo.

"Ẹ jẹun dáadáa," ló wí. "Sítóòfù Silas ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tú wò."